Alántakùn àti Ìjàpá Nínú Àlọ́ Ọmọdé

Àṣìṣe ni kí olùkọ́ mú àlọ́ Ananse ti àwọn Akan ilẹ̀ Gánà, kí ó yọ Ananse kúrò, kí ó sì fi Ìjàpá dípò rẹ̀. Alántakùn ni Ananse. Òótọ́ ni pé ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n alántakùn ní okùn nínú ara rẹ̀. Igbá ẹ̀yìn ni Ìjàpá ní. Ẹ wo àlọ́ Ajá àti Ìjàpá nígbà ìyàn. Ìyá Ajá ni ó ń ta okùn wálẹ̀ láti ọ̀run. Orin nìkan ni Ìjàpá jí kọ́. Nígbà tí a gé okùn, ó já lulẹ̀. Bí ó bá ní okùn tirẹ̀, kò sí àlọ́ mọ́.

A kò ní kí a má fi alántakùn kọ́ ọmọ o. Ní Ìsinbọ̀dé-Èkìtì, bí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, kí olùkọ́ kó àwọn ọmọ lọ wo okùn rẹ̀ nínú ìrì òwúrọ̀ kí wọ́n tó ṣí ìwé. Kí wọ́n ka ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́jọ (mẹ́fà ni ti eèrà), kí wọ́n sì tú orúkọ rẹ̀ palẹ̀: ta àti okùn ń bẹ níbẹ̀, a ti pa fáwẹ́lì ìbẹ̀rẹ̀ okùn jẹ. Àpẹẹrẹ ìpajẹ tí aṣèdánwò lè lò nìyí. Ìṣe ìyá Ajá náà sì ni.