Ẹsẹ̀ Agbógun: Àríwísí lórí Ìtàn Ojú Àpáta Kan ní Òkè Ìdànrè

Nínú àwọn ohun àbáláyé Òkè Ìdànrè, èyí tí Nàìjíríà fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí UNESCO ní ọdún 2007, ààfin àtijọ́ àti òkìtì ibojì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ipasẹ̀ Agbógun ni ìtàn rẹ̀ gba àròjinlẹ̀ jù. Ìtàn ìwáṣẹ̀ sọ pé kò sí ẹsẹ̀, ìbáà tóbi, ìbáà kéré, tí kì í bá a mu, àfi ti àjẹ́. Àwọn kan rọ̀ mọ́ tíọ́rì pé òjò àti oòrùn ló jẹ ojú àpáta náà. Òótọ́ ni pé irú kòtò bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ lórí akọ òkúta, àmọ́ àlàyé yìí kò kan ìtàn náà. Bí kòtò ṣe débẹ̀ kọ́ ni ìtàn ń sọ, bí kò ṣe ẹni tí ìlú lè fọkàn tán. Olùkọ́ tí ó bá sọ ọ́ ní kíláàsì bí àwàdà fún arìnrìn-àjò afẹ́ ti fo kókó rẹ̀ dá. Báwo ni ìwọ̀n tí ó ń bá gbogbo ẹsẹ̀ mu ṣe lè dá ẹnì kan lẹ́bi? Àpáta kò fọhùn. Àwọn tí ó dúró wòran ni adájọ́, ẹni tí wọ́n sì ti ń fura sí kí ó tó gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀ ni ẹjọ́ yóò dá lẹ́bi.