Ojú Rembrandt Lórí Ìwé Òwú

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, ṣùgbọ́n Rembrandt van Rijn gbẹ́ tirẹ̀ ní nǹkan bí ogójì ìgbà. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ní ìlú Leiden títí di ọdún 1669 tó kú sí Amsterdam, ó ń jókòó síwájú dígí, ó ń fi ọ̀dà olóròóró ya ojú ara rẹ̀. A ò tíì ka nǹkan bí ọgbọ̀n mìíràn tó fín sórí bàbà. Èyí tó wà ní Kenwood House, ní Hampstead ní Lọ́ńdọ̀nù, wà lára àwọn tó yà kẹ́yìn. Àwọn onímọ̀ fi í sí àárín ọdún 1665 sí 1669. Gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 114.3, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 94. Àgbàlagbà kan dúró níbẹ̀, ó dé fìlà funfun, ó wọ ẹ̀wù onírun tó ṣú lé aṣọ pupa. Pátákó ọ̀dà àti búrọ́ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lára ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ni òbìrí ńlá méjì wà tí etí àwòrán gé, àwọn ọ̀mọ̀wé sì ń jiyàn ìtumọ̀ wọn títí dòní.

Kó tó ya èyí, gbèsè ti gba ilé àti ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀: ní 1656 ló jẹ́wọ́ níwájú ìjọba pé òun ò rówó san mọ́. Hendrickje tí wọ́n jọ ń gbé kú ní 1663, Titus ọmọ rẹ̀ ọkùnrin náà sì kú ní 1668. Ẹ wá ẹkún nínú àwòrán náà, ẹ ò ní rí i. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti rọ̀ wálẹ̀ lẹ máa rí, imú tó pọ́n rúsúrúsú, abẹ́ ojú tó wú, àti ìwò ẹni tí kò bẹ ẹnikẹ́ni. Rembrandt kò ṣe ara rẹ̀ lóge. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ ojú yìí sórí ìwé ti bọ́ sábẹ́ òfin yẹn náà: kò gbọdọ̀ bá a ṣoge. Ó le ju bó ṣe ń dún létí lọ, nítorí láti orí kámẹ́rà dé orí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, oge ṣíṣe ni wọ́n kọ́ gbogbo ẹ̀rọ òde òní.

Iwájú ojúlówó àwòrán ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ayafọ́tò á gbé iná sí ọ̀tún àti òsì, kálukú ní ìdagun bí ìwọ̀n 45, kí ìmọ́lẹ̀ lè dọ́gba láti etí kan dé èkejì. Fáńíìṣì ojú àwòrán àtijọ́ máa ń kọ mànà sí lẹ́ǹsì, nítorí náà á fi asẹ́ ìmọ́lẹ̀ bo iná, á fi òmíràn bo ojú kámẹ́rà, á sì máa yí i títí dídán náà á fi pòórá. Wàhálà mìíràn á wá dé: bí dídán bá lọ tán, gbogbo òkìtì ọ̀dà kéékèèké tí Rembrandt fi funfun òjé kọ́ sí iwájú orí àti fìlà á tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni tó mọṣẹ́ á tún ya òmíràn tí iná ti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo wá, á máa pò ó mọ́ ti àkọ́kọ́ díẹ̀díẹ̀, títí gegele ọ̀dà náà á fi hàn láìjẹ́ pé fáńíìṣì tún ń dán. Káàdì kékeré aláwọ̀ 24 máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán nígbà tí wọ́n bá ń ya fọ́tò. Bí àwọ̀ bá fẹ́ ṣì lọ́nà lẹ́yìn ìgbà náà, káàdì yìí ni ẹlẹ́rìí. Ẹ̀dà tó bá máa tó ojúlówó gan-an ní gíga, pẹ̀lú píksẹ́ẹ̀lì 300 nínú ínǹṣì kọ̀ọ̀kan, nílò 13,500 lóòró àti 11,100 níbùú, àpapọ̀ bíi mílíọ̀nù 150. Kámẹ́rà tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ wà lónìí. Òkùnkùn ló ṣì ń fi ojú atẹ̀wé rí màbo.

Apá ńlá nínú àwòrán yìí, òkùnkùn ni. Aláró mọ̀ pé dúdú ju ẹyọ kan lọ: aṣọ tó wọ ìkòkò lẹ́ẹ̀mẹ́ta àti èyí tó wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kì í ṣe ẹgbẹ́, bí ẹni tí kò mọ̀ bá tilẹ̀ pe méjèèjì ní orúkọ kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀wù Rembrandt rí. Dúdú kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ pupa, òmíràn tó tutù bí ẹni wà nínú òjìji, òmíràn tó jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀ ní ibi tí irun ẹran ti yọ létí ẹ̀wù. Ọ̀dà olóròóró tó ní fáńíìṣì lè jinlẹ̀ débi tí gbogbo wọn á fi ráyè. Ìwé òwú tí kì í dán kò lè jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Dúdú tó ṣú jù lórí rẹ̀ á dà bí eérú bí ẹ bá gbé e sún mọ́ ojúlówó. Àwọn ìpele òkùnkùn wọ̀nyẹn ní láti fún ara wọn pọ̀ sínú àyè tó kéré.

Níbí ni ọwọ́ ti ń yàtọ̀ sí ọwọ́. Ọ̀lẹ á fa gbogbo òjìji sókè, ẹ̀wù náà á di aṣọ tó ti ṣá. Tàbí kó fi í sílẹ̀ kó rì, àyà bàbá náà á di ihò dúdú kan. Ẹni tó mọṣẹ́ á ṣa ibi tí yóò gbà là: ibi tí èjìká ti pàdé ògiri, ibi tí pupa abẹ́ ẹ̀wù ti yọjú, ibi tí irun ẹran ti tẹ̀ mọ́lẹ̀. Á jẹ́ kí ìyókù pa dé. Kọ̀ǹpútà kò lè bá a ṣe ìpinnu yẹn, nítorí kọ̀ǹpútà kò mọ ìdí tí èjìká fi ṣe pàtàkì.

Ẹ̀rọ tó ń tẹ irú ẹ̀dà báyìí lè ru íńkì mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí mélòó kan nínú wọn jẹ́ dúdú àti aláwọ̀ eérú. Ìdí ni pé òjìji tí a bá fi aláwọ̀ eérú ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀ kì í yí padà bọ̀rọ̀ bí iná yàrá bá yí padà. Èyí tí a fi pupa, àwọ̀ yẹ́lò àti búlúù nìkan pò lè fẹ́ jọ àwọ̀ ewé lábẹ́ iná kan, kó sì pọ́n lábẹ́ òmíràn. Nígbà tí Nash Editions, ilé ìtẹ̀wé tí olórin Graham Nash dá sílẹ̀ ní California, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1991, ẹ̀rọ Iris tí wọ́n ṣe fún ìdánwò iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni wọ́n sọ di ẹ̀rọ iṣẹ́ ọnà, àmọ́ íńkì ìgbà náà máa ń ṣá. Íńkì oníyẹ̀fun àwọ̀ ni ti ìsinsìnyí, ó ń dúró pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ìwé náà ní òfin tirẹ̀: òwú pọ́ńbélé, nǹkan bíi gíráàmù 300 ní mítà onígun kọ̀ọ̀kan, láìsí kẹ́míkà tí ń mú ìwé funfun tan bíi búlúù. Kẹ́míkà yẹn lè mú kí fìlà Rembrandt dà bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, funfun òjé tó fi yà á móoru díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo fìlà náà. Búrọ́ṣì gbà á kọjá ní ìgbà mélòó kan, kíákíá, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ti kúrò hàn kedere. Ó fi ìdí búrọ́ṣì ha irun ètè rẹ̀ nígbà tí ọ̀dà ṣì tutù. Ní ìsàlẹ̀, ọwọ́ tó di pátákó mú kò ní ìka tí a lè kà. Ilà díẹ̀ ló dúró fún ọwọ́, búrọ́ṣì àti ọ̀pá ìgbọ́wọ́lé lápapọ̀. X-ray fi hàn pé ó ti kọ́kọ́ ya búrọ́ṣì sí ọwọ́ kejì, bó ṣe rí i nínú dígí, kó tó yí i padà. Atẹ̀wé tí kò mọ ìtàn yìí á rò pé kámẹ́rà ló mì, á sì ní kí kọ̀ǹpútà pọ́n etí ilà náà kó mú. Lójú ẹsẹ̀, etí funfun tín-ín-rín á yí gbogbo ilà ká, ohun tí Rembrandt mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ á sì dà bí àléébù tí ẹnì kan gbìyànjú láti tún ṣe.

Rembrandt pàápàá ì bá mọ iṣẹ́ yìí wò, nítorí atẹ̀wòrán ni. Nígbà tó ń tẹ àwọn iṣẹ́ tó fín sórí bàbà, ó máa ń pààrọ̀ ìwé: ti ilẹ̀ Yúróòpù, ti Japan, nígbà mìíràn awọ ẹran. Kì í sì í nu bàbà tán. Ó ń fi íńkì fẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ lójú rẹ̀ kí alẹ́ inú àwòrán lè dúdú sí i. Ó mọ̀ pé bàbà kan ṣoṣo lè bí ẹ̀dà púpọ̀ tí ojú wọn kò jọra.

Àwọn kan ń tẹ ẹ̀dà sórí kánfáàsì, wọ́n á wá fi jẹ́ẹ̀lì kùn ún kó lè yọ gegele bí ọ̀dà. Gegele yẹn kì í bá ọwọ́ Rembrandt lọ. Jẹ́ẹ̀lì á gba òsì níbi tí búrọ́ṣì rẹ̀ ti gba ọ̀tún. Ìwé tó tẹ́ tí kò sì purọ́ sàn jù ú lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀dà kan, ẹ má kọ́kọ́ wo ojú bàbá náà, nítorí ojú rọrùn láti tẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kẹ́ ẹ wo èjìká. Ẹni tó bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè wọ Kenwood láìsan kọ́bọ̀, kó wo ojúlówó kó tó náwó. Bí èjìká náà bá ṣì yà kúrò lára ògiri, tí ọwọ́ ìsàlẹ̀ kò sì ní ìka, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ mọ ohun tí kò yẹ kóun fọwọ́ kàn. Owó tó bá ní kẹ́ ẹ san, ẹ san án.