Ta Ló Ni Àkójọ Petrie?

Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ gírámà lọ́dọ̀ mi mọ̀ pé "àwòrán Àdìsá" kì í ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo. Ṣé Àdìsá ló yà á ni, àbí òun ló ni ín, àbí òun gan-an ni wọ́n yà? Irú ìṣòro yẹn náà ló wà nínú orúkọ Mùsíọ́mù Petrie ní University College London, níbi tí ohun àtijọ́ láti Íjíbítì àti Súdáànì tó lé ní 80,000 wà.

Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn rẹ̀, ọ̀dọ̀ Flinders Petrie ni wọ́n sábà ti ń bẹ̀rẹ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn. Amelia Edwards, obìnrin òǹkọ̀wé, ló ṣí ọ̀nà. Ó wọkọ̀ lórí odò Náílì ní 1873 sí 1874, ó sì wà lára àwọn tó dá Egypt Exploration Fund sílẹ̀ ní 1882. Nígbà tó kú ní 1892, ó fi ìwé rẹ̀, ohun àtijọ́ tó kó jọ, àti owó ipò ọ̀jọ̀gbọ́n sílẹ̀ fún kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí, torí pé obìnrin lè gboyè níbẹ̀. Ipò yẹn ni Petrie kọ́kọ́ jẹ. Ní 1913 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì wá ra àkójọ tirẹ̀.

Ká má purọ́ o, Petrie gbọ́n. Nígbà tí àwọn mìíràn ń wá góòlù, àpáàdì ló ń ṣà, ó ń fi ìrísí ìkòkò mọ èyí tó ṣáájú èyí. Òun náà ló kó aṣọ ọ̀gbọ̀ ìdọ̀tí kan láti Tarkhan. Ní 1977, tí wọ́n ń fọ òkìtì àkísà yẹn, ẹ̀wù kan jáde níbẹ̀ tó ti lé ní 5,000 ọdún!

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ló hú ilẹ̀? Ali Suefi, ará Lahun, wà lára àwọn tó bá Petrie ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Petrie fúnra rẹ̀ yìn ín. Síbẹ̀, ẹni mélòó ló mọ orúkọ rẹ̀?

Ẹnì kan á ní òfin gbà á, pé awalẹ̀pìtàn máa ń gba ìpín nínú ohun tó bá rí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ti gba Íjíbítì láti 1882, Faransé ló sì ń darí iléeṣẹ́ tó ń ṣe ìpín náà. Àlejò ló ń pín ogún onílé fún àlejò.

Ọ̀rọ̀ ìṣe wa, "kó", gba gbogbo rẹ̀: kó jọ, kó pamọ́, kó lọ. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣẹlẹ̀ sí ìkòkò kan náà. Nítorí náà, tí ẹ bá wọ mùsíọ́mù èyíkéyìí, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹrù. Ta ló hú u? Ta ló sanwó? Ta ló yọ̀ǹda kó kúrò nílé? Èyí tó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń kọ́ni. Èyí tó bá dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo, oríkì ló ń kì.