Àrokò ni Ìwé Ayàwòrán

Nígbà tí àwọn baba wa bá fẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn, àrokò ni wọ́n ń dì. Bí wọ́n bá so owó ẹyọ méjì kojú sí ara wọn, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Bí wọ́n bá so wọ́n kẹ̀yìn sí ara wọn, ìjà ti dé. Owó ẹyọ kan náà ni, okùn kan náà ni; bí a ti so wọ́n ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ẹni tí ó bá mọ èyí, kì yóò ṣòro fún un láti mọ ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní ìwé ayàwòrán: ìwé tí ìdì rẹ̀, àwòrán rẹ̀ àti ìtò ojú-ewé rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí a bá yọ ọ̀kan kúrò, ọ̀rọ̀ náà kò pé mọ́.

Kì í ṣe gbogbo ìwé tí àwòrán wà nínú rẹ̀ ni orúkọ yìí tọ́ sí. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀, ìránṣẹ́ lásán ni àwòrán jẹ́. Ohun tí òǹkọ̀wé ti wí ni ó ń tún wí. William Blake ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1789 ó gbé Songs of Innocence jáde: òun tìkára rẹ̀ ni ó kọ orin, òun ni ó fi orin àti àwòrán sára pẹlẹbẹ bàbà kan náà, òun àti aya rẹ̀ sì ni wọ́n fi ọwọ́ kùn ún ní ọ̀dà. Ẹni tí ó bá ka orin wọ̀nyí láìsí àwòrán wọn, ìdajì ni ó kà.

Ẹ jẹ́ kí a fi òṣùwọ̀n yìí wọn ìwé kan tí ó súnmọ́ wa. Ní 1938 ni ilé ìtẹ̀wé C.M.S. ní Èkó tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà. Ní 1968, ìtumọ̀ tí Wọlé Ṣóyínká ṣe sí èdè Gẹ̀ẹ́sì jáde, Bruce Onobrakpeya sì ni ó ya àwòrán rẹ̀. Iṣẹ́ àgbà ni àwọn àwòrán náà. Ìlà àti àmì kún inú wọn dẹ́dẹ́, tí ojú fi ń ṣìnà nínú wọn bí ọdẹ nínú igbó. Síbẹ̀ èmi kò lè pè é ní ìwé ayàwòrán. A ti kọ ìtàn náà ní ọgbọ̀n ọdún ṣáájú. Àlejò ọlọ́lá ni ayàwòrán jẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe onílé. Bí a bá yọ àwòrán rẹ̀, a ó pàdánù púpọ̀, ṣùgbọ́n ìtàn náà yóò dúró.

Níbo, nígbà náà, ni ayàwòrán ti jẹ́ onílé? Ní Ìbàdàn, ní 1961, ẹgbẹ́ Mbari tẹ ìwé Drawings ti Uche Okeke. Níbẹ̀, àwòrán gan-an ni ọ̀rọ̀. Ní 1985, Onobrakpeya gbé Symbols of Ancestral Groves jáde láti Ovuomaroro Gallery, ilé iṣẹ́ tirẹ̀ ní Èkó. Lóòótọ́, àkójọ iṣẹ́ tí ó ti ṣe tẹ́lẹ̀ ni ìwé náà. Ṣùgbọ́n ayàwòrán ti di atẹ̀wé, kò sì dúró de ẹni tí yóò fún un láàyè mọ́. Ìgbésẹ̀ ńlá ni èyí ní ojú mi.

Ẹlòmíràn yóò wí pé ọmọdé ni a ń fi àwòrán tàn kàwé, àgbà kò nílò rẹ̀. Èrò yìí ni ó ń mú kí a ya èèpo ìwé sọnù nígbà tí a bá ń tún un dì, kí a sì tún ìwé tẹ̀ láìsí àwòrán rẹ̀, bí ẹni tí ó tú àrokò, tí ó kó owó ẹyọ sápò, tí ó sì ní òun ti gbọ́ iṣẹ́ tí a rán sí òun.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ní Ìkòròdú, ní Ìmọ́tà àti ní Ẹ̀pẹ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti bi ìwé ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta ni ó tò ó? Kí ni àwòrán wí tí ọ̀rọ̀ kò wí? Kí ni a ó pàdánù bí a bá yọ ọ́? Lẹ́yìn náà, ẹ fún wọn ní tákàdá, abẹ́rẹ́ àti òwú, kí olúkúlùkù kọ ìtàn ìlú rẹ̀, kí ó yà á, kí ó sì rán an pọ̀ fúnra rẹ̀. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ìwé pẹ̀lú ní ojú, ẹ jẹ́ kí a kọ́ bí a ti ń wò ó.