Ọkọ́ Ni Tàbí Ọkọ̀? Àríwísí lórí Àpèkọ àti Àkàyé Yorùbá ní Ilé-ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Ìfáárà

Àpèkọ àti àkàyé jẹ́ iṣẹ́ méjì tí olùkọ́ Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò lè ṣe aláìṣe. Nínú àpèkọ, olùkọ́ a pe ọ̀rọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú àkàyé, akẹ́kọ̀ọ́ a ka àyọkà kúkúrú, a sì dáhùn àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. A sábà máa ń kọ́ méjèèjì bí ẹni pé wọn kò bá ara wọn tan: àpèkọ fún ọwọ́, àkàyé fún orí. Èrò tí àríwísí yìí gbé kalẹ̀ ni pé àìsàn kan náà ló ń bá àwọn méjèèjì jà. Níbi tí a bá ti ka àmì ohùn sí ọ̀ṣọ́ lásán, àpèkọ kò lè kọ́ ọmọ ní àkọtọ́, àkàyé pàápàá kò sì lè fi hàn bóyá ọmọ lóye ohun tó kà.

Àpèkọ àti àwòkọ́ṣe Gẹ̀ẹ́sì

Sípẹ́lì Gẹ̀ẹ́sì gba àkọ́sórí, nítorí pé lẹ́tà kan náà lè dún lóríṣiríṣi nínú ọ̀rọ̀ tó yàtọ̀ síra. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ gbé ọ̀nà yìí wọ kíláàsì Yorùbá láìyí i padà: ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lójú pátákó, kí ọmọ kọ́ wọn sórí, kí ó dá wọn kọ lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n àkọtọ́ Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà 25 ló wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì, ìró tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún kì í sì í sábà yí padà. Àkọtọ́ tí a fọwọ́ sí ní 1974 tún mú ọ̀nà náà tọ́ sí i: aiye di ayé, enia di ènìyàn, nã di náà. Ibi díẹ̀ ni etí nìkan kò ti lè tó. Bí àpẹẹrẹ, ìró kan náà ló parí ìbọn àti ìtàn. A ń kọ ọn lẹ́yìn kọ́ńsónáǹtì tí ètè kópa nínú pípè rẹ̀, bíi b, f, gb, p àti w, a sì ń kọ an lẹ́yìn àwọn yòókù. Òfin kan ṣoṣo nìyẹn, ọmọ ọdún mẹ́jọ sì lè lóye rẹ̀.

Ibi tó le fún ọmọ ni ohùn àti ìpàrójẹ. Nígbà tí olùkọ́ bá pe lọ́nà, ohun tó yẹ kí ọmọ mọ̀ ni pé ní àti ọ̀nà ló para pọ̀: fáwẹ̀lì ní ti jáde, ohùn òkè rẹ̀ bọ́ sórí ọ̀, n sì di l. Ọmọ tó bá lè ṣàlàyé èyí yóò dá lówó, lójú àti lẹ́nu kọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n fún un rí. Ọmọ tó kọ́ lọ́nà sórí nìkan kò ní ju lọ́nà lọ.

Ìdáhùn tí kò ní ohùn

Ẹ jẹ́ kí a wo àyọkà kan tó sọ pé àgbẹ̀ kan lọ sí ọjà, ó sì ra ọkọ́ tuntun. Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni: kí ni àgbẹ̀ náà rà? Akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọkọ láìfi àmì kankan sí i, olùkọ́ sì fún un ní máàkì. Kí ni a mọ̀ báyìí nípa òye ọmọ náà? Ó lè jẹ́ pé ọkọ́ tí a fi ń ro oko ló ní lọ́kàn. Ó lè jẹ́ pé ọkọ̀ tí a ń wọ̀ ni. Ó sì lè jẹ́ pé kò ní ohunkóhun lọ́kàn, pé ó kàn da lẹ́tà mẹ́ta kọ láti inú ìwé. Máàkì tí olùkọ́ fún un kò lè ya àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀. Níbí ni àpèkọ àti àkàyé ti pàdé: ìdáhùn tí kò ní ohùn kì í ṣe ẹ̀rí òye.

Àwọn kan yóò sọ pé àgbàlagbà ń ka ìwé ìròyìn tí kò ní àmì, ó sì ń yé wọn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èdè náà ti wà lẹ́nu wọn kí wọ́n tó ka ìwé. Ohun tí wọ́n ti mọ̀ ni wọ́n fi ń dí àlàfo. Ọmọ tó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju Yorùbá lọ nínú ilé rẹ̀ ní Èkó tàbí Ìbàdàn kò ní ohun tí yóò fi dí i. Àwọn mìíràn yóò ní kíláàsì kún jù, pé olùkọ́ kò lè máa yẹ àmì wò nínú ìwé ọgọ́ta ọmọ. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré lóòjọ́ tó. Kí gbogbo kíláàsì kọ́kọ́ fi dò, re, mí pe ohùn wọn, kí wọ́n tó kọ wọ́n, kí ọmọ méjì sì yẹ ti ara wọn wò.

Yánníbo tí ìbéèrè gbàgbé

Àmì ohùn nìkan kò lè wo àkàyé sàn. Irú ìbéèrè tí a ń bi ọmọ náà ní àléébù. Àpẹẹrẹ kan ni àlọ́ Ìjàpá àti àsèjẹ tí babaláwo sè fún Yánníbo kí ó lè lóyún. Ìjàpá tọ́ ọ wò lọ́nà, ó jẹ ẹ́ tán, ikùn rẹ̀ sì wú. Àwọn ìbéèrè tó sábà máa ń tẹ̀ lé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni: ta ni Ìjàpá lọ bá? Kí ni ó jẹ? Ẹ̀kọ́ wo ni a rí kọ́? Ìdáhùn ìkẹyìn ti wà nílẹ̀ kí ọmọ tó ka ìtàn: ojúkòkòrò kò dára.

Kò sí ẹni tó béèrè Yánníbo. Òun ló ń wá ọmọ, òun ni àsèjẹ wà fún, òun sì ni ìtàn parí láìsí ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Bí olùkọ́ bá béèrè pé kí ni Yánníbo lè sọ nígbà tó rí ikùn ọkọ rẹ̀, ọmọ kò lè da ìdáhùn kọ láti inú ìwé. Yóò ní láti padà sínú ìtàn, kí ó fi ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Àṣà èyí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Nínú àlọ́ àpagbè, àwọn olùgbọ́ ń gbe orin. Nínú àlọ́ apamọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ ronú kí wọ́n tó já a. Ìwé kíkà ní kíláàsì ló sọ ọmọ tó ń dáhùn di ọmọ tó dákẹ́.

Ìgúnlẹ̀

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn alábàáṣiṣẹ́pọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2022, pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, ni wọ́n fagi lé ní 2025. Ohun tó ṣẹ́ kù fún ọ̀pọ̀ ọmọ ni ìwọ̀nba àkókò tí a yà sọ́tọ̀ fún Yorùbá lórí tábìlì iṣẹ́. Bí àkókò náà bá kéré tó bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí a fi ṣe ìdàkọ. Kí ọmọ gbọ́ ohùn ọ̀rọ̀, kí ó kọ ohun tó gbọ́, kí ó sì ní ohun kan tí yóò sọ nípa ohun tó kà.