Ibi tí Ìtàn Jósẹ́fù Parí Sí

Ìtàn díẹ̀ ni ó wà nínú Májẹ̀mú Láéláé tí àwọn ọmọ ilé-ìwé wa fẹ́ràn tó ìtàn Jósẹ́fù, ṣùgbọ́n àwa olùkọ́ a máa gé e kúrú. Bí a bá ti kọ́ wọn dé orí 45 ìwé Gẹ́nẹ́sísì, níbi tí Jósẹ́fù gbé fi ara rẹ̀ han àwọn arákùnrin rẹ̀, tí ó sì sọkún sí wọn lọ́rùn, a ó pa ìwé dé, a ó ní ìjà ti parí. Ẹni tí ó kọ ìtàn náà kò dúró níbẹ̀. Ó mú wa dé orí 50.

Ẹ jẹ́ kí a ka ọdún rẹ̀. Ọmọ ọdún 17 ni Jósẹ́fù nígbà tí ìlara wọn bẹ̀rẹ̀. 20 owó fàdákà ni a tà á. Ó di ẹni ọdún 30 kí ó tó dúró níwájú Fáráò. Ọdún 7 ọ̀pọ̀ kọjá, ìyàn sì mú fún ọdún 2, kí ó tó sọ ẹni tí òun jẹ́. Lẹ́yìn èyí, Jákọ́bù gbé ní Íjíbítì fún ọdún 17, Jósẹ́fù sì ń bọ́ gbogbo wọn. Síbẹ̀, nígbà tí bàbá wọn kú, ẹ̀rù bà wọ́n pé yóò gbẹ̀san. Aṣebi kò ní í ṣe kí ara má fu ú.

Kí ni ó fa ìbẹ̀rù yìí? Ọ̀rọ̀ ẹnu ni kí a wò. Ní orí 37, ìkórìíra kò jẹ́ kí wọ́n lè bá a sọ̀rọ̀ àlàáfíà. Ní orí 42, wọ́n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n láàrin ara wọn ni. Ògbufọ̀ ni ó ń gbọ̀rọ̀ fún wọn, wọn kò sì mọ̀ pé Jósẹ́fù gbọ́. Ní orí 45, a kò rí i kà pé ẹnì kan nínú wọn tọrọ ìdáríjì. Orí 50 ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ jáde. Síbẹ̀ wọ́n kọ́ rán iṣẹ́ ṣáájú, wọ́n sì fi orúkọ bàbá wọn tí ó ti kú ṣe ààbò. Ìtàn náà kò sọ níbikíbi pé Jákọ́bù pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Jósẹ́fù gbọ́, ó sọkún. A kò sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Ní tiwa, ẹkún ẹni tí a kò mọ inú rẹ̀ ni: ó ti dárí jì wọ́n láti ọdún 17, wọ́n sì ń wò ó bí ọ̀tá.

Àwọn àgbà wí pé, bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kì yóò rí ẹni bá ṣeré. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n Jósẹ́fù kò gbàgbé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ wọn lójú wọn. Kò pe ibi ní ire; Ọlọ́run ni ó ní ó yí ibi náà sí ire, kò sì fẹ́ jókòó ní ipò Ọlọ́run láti gbẹ̀san. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ̀rọ̀ ìtùnú fún wọn. Ìtàn tí ó bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ gbé kú láàrin ará, ibi tí ọ̀rọ̀ gbé jí ni ó parí sí.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ méjì bá jà, a máa ń ní kí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, kí wọ́n sì lọ jókòó. Ọwọ́ ti pàdé, ọ̀rọ̀ kò tí ì pàdé. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó ṣẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó ṣe, kí ẹni tí a ṣẹ̀ sì dá a lóhùn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a lè dárí ji ènìyàn tipẹ́tipẹ́, kí ó sì máa jẹ oúnjẹ àbúrò rẹ̀ fún ọdún 17 pẹ̀lú ìbẹ̀rù.