Bàbà Díẹ̀, Kilórìn Díẹ̀

Omi púùlù ni mò ń tọ́jú jẹun. Láti Lẹkí dé Àjá, púùlù inú ilé pọ̀ ju bí ará ìta ṣe rò lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ẹnikẹ́ni kì í sì í wọ̀ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Àmọ́ omi ò mọ̀ pé olówó òun ti lọ sí ibi iṣẹ́. Oòrùn ń pa á, ewé ń já bọ́ sínú rẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ ń wá a wá lóru. Ẹ gbàgbé rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ara táìsì á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, gbogbo omi á sì di àwọ̀ ewé. Ewédò nìyẹn, ọ̀tá mi àtijọ́.

Kilórìn ni gbogbo wa fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, a ò sì tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo wá polówó ẹ̀rọ tó lé kilórìn jáde nílé. Ohun tí mo fẹ́ràn lára ionizer, ẹ̀rọ tó ń fi iná tú bàbà sínú omi púùlù, ni pé ó jẹ́ kí kilórìn dín kù débi tí awọ ara ò fi ní gbẹ háúháú mọ́, tí aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ ò sì ní tètè ṣá. Ó tún gbé iṣẹ́ mi kúrò ní dída oògùn sómi, ó sọ ọ́ di wíwọn omi. Èyí èkejì yìí ni mo fẹ́ràn jù.

Ẹ wo ohun tí oòrùn Èkó ń ṣe ná. Bí kò bá sí oògùn amúdúró tí wọ́n ń pè ní cyanuric acid nínú omi, oòrùn ọ̀sán lè jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú kilórìn púùlù láàárín wákàtí méjì péré. Olùtọ́jú tó mọ èyí, tí kò sì ní ohunkóhun tí yóò bá a dá ewédò dúró, á kúkú máa bù ú lé e ni: ife méjì, ife mẹ́ta, ife kan sí i nítorí ìfura. Àwọn oníbàárà wa ní tiwọn, imú ni wọ́n fi ń dán omi wò. Bí ó bá ti ń rùn, wọ́n á ní kilórìn ti pọ̀ jù. Imú ń tàn wọ́n jẹ ni. Inú àdàlù kilórìn pẹ̀lú òógùn àti ìtọ̀ ni òórùn yẹn àti ojú títa ti ń wá (àgbàlagbà náà ń tọ̀ sínú púùlù, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa), ó sì sábà máa ń jẹ́ àmì pé kilórìn tó ṣẹ́ kù kò tó iṣẹ́ tó wà nílẹ̀.

Ionizer kò ní àrà kankan lójú. Ọ̀pá irin méjì ni, bàbà tí wọ́n fi fàdákà díẹ̀ lú, nínú ike tí omi ń gbà kọjá bó ti ń ti fílítà bọ̀. Iná kékeré, irú èyí tí bátìrì ń mú wá, ń gba ara ọ̀pá kan bọ́ sí èkejì. Bó ti ń kọjá, ó ń ṣí bàbà náà wẹ́wẹ́ sínú omi, wẹ́wẹ́ tí ojú ò lè rí. Ion ni wọ́n ń pè wọ́n. Ti bàbà á lẹ̀ mọ́ ara ewédò, á wọ inú rẹ̀, á da nǹkan rú níbẹ̀ títí yóò fi kú. Ti fàdákà á dojú kọ kòkòrò àrùn. Bàbà tí a ń wá nínú lítà omi kan kò ju mílígíráàmù 0.2 sí 0.4 lọ. Omi mímu pàápàá, àjọ WHO gbà kí bàbà inú rẹ̀ tó 2.

Ẹni tó dàgbà sí oko kòkó níhà Oǹdó kò ní ṣe kàyéfì rárá. Oògùn búlúù tí àwọn bàbá wa ń pò mọ́ ẹfun, tí wọ́n fi ń fọ́n kòkó lásìkò òjò kí ó má baà dúdú kó sì jẹrà lórí igi, bàbà ló wà nínú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí bàbà ti ń bá wa pa ohun tó ń hù níbi tí a kò fẹ́.

Irú tí mo máa ń gba àwọn oníbàárà mi níyànjú láti rà ni èyí tó ń léfòó, tó ní páńẹ́ẹ̀lì sólà lórí. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà: iná wa. Èyí tí wọ́n so mọ́ páìpù ń dúró de pọ́ǹpù, pọ́ǹpù ń dúró de iná ìjọba, iná ìjọba ò sì ń dúró de ẹnikẹ́ni. Èyí tó ń léfòó ń jẹ oòrùn, oòrùn kan náà tó ń bá wa jẹ kilórìn. Síbẹ̀ pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lójúmọ́, ì báà jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni yóò gbé e, nítorí ewédò tó kú ò lè rìn jáde fúnra rẹ̀. Fílítà ló ń kó òkú rẹ̀.

Mo fẹ́ràn ọjọ́ tí mo bá ń fọ ẹ̀rọ yìí. N ó dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí táìsì, n ó tú àwọ̀n irin tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kúrò. Ara àwọ̀n náà á ti bò fún ẹfun líle, funfun tó fẹ́ máa ṣe búlúù, tí bọ́rọ́ọ̀ṣì líle nìkan lè gbà kúrò. Bó bá ṣorí kunkun, n ó rẹ ẹ́ sínú fínígà. Bàbà tó wà láàárín ni mo máa ń wò jù. Nígbà tó jẹ́ tuntun, ó jọ̀lọ̀, ó nípọn, ó ń kọ mànà. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ibì kan á ti jìn, ibì kan á yọrí jáde, gẹ́gẹ́ bí àgbàdo tí eku ti jẹ kiri ara rẹ̀. Gbogbo ohun tó sọnù lára rẹ̀ ti wọ inú omi. Kilórìn kì í fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn mí báyìí: a dà á, ó lọ.

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ ńkọ́? Bàbà àti fàdákà ń pa kòkòrò àrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n lọ́ra. Bí ọmọ kan bá gbé àrùn wọ omi láàárọ̀, tí ọmọ mìíràn sì gbé omi náà mì ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, kilórìn nìkan ló lè yára tó. Wọn kò sì lè jó òógùn, òróró ìpara àti ìtọ̀ dànù. Ìdí nìyí tí àjọ CDC ti Amẹ́ríkà fi ní kí kilórìn púùlù má ṣe dín sí mílígíráàmù 1 nínú lítà kan, kó sì tó 2 bí oògùn amúdúró bá wà nínú rẹ̀. Mo so ẹ̀rọ mọ́ ọn o, n kò so ẹ̀rọ mọ́ ọn o, n kò rẹlẹ̀ ju ibẹ̀ lọ. Ohun tí bàbà rà fún mi ni pé n kò tún ní láti gun òkè réré kọjá ibẹ̀ nítorí ewédò.

Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ yìí fẹ́ràn láti máa ròyìn NASA. Òótọ́ ni pé nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ iṣẹ́ Apollo mọ́, ṣáájú ọdún 1970, wọ́n ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fi iná tú ion fàdákà sínú omi mímu. Èyí tí àwọn ọlọ́jà kì í fi kún un ni pé nínú ọkọ̀ tó gbé ènìyàn lọ sí òṣùpá, kilórìn ni àwọn ará inú rẹ̀ ń fún sínú omi wọn lójoojúmọ́.

Àlàájà kan tí mo gbé ọ̀kan fún ní Àjá pè mí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ó ní, “Púùlù,” orúkọ tó sọ mí nìyẹn, “nígbà tó jẹ́ ẹ̀rọ ló ń ṣiṣẹ́ báyìí, owó kí ni mo tún ń san fún ẹ?” Mo ní, “Ẹ má bínú, Mà. Ẹ̀rọ ń pa ewédò. Ta ni yóò máa bá ẹ̀rọ wo omi?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n wá wò ó lójú òun.

Mo ti apá bọ omi dé ìgúnpá kí n tó bu tèmi, nítorí omi ojú kì í sọ òótọ́ nípa ti ìsàlẹ̀. Mo kán oògùn sí i nínú ìgò kéékèèké. Ti kilórìn di pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Ti pH, tó ń sọ bí omi ṣe kan tó, yẹ kó dúró láàárín òféfèé àti pupa, níbi 7.2 sí 7.6, ṣùgbọ́n ó ti ń pọ́n jù. Ti bàbà di àwọ̀ àlùkò. Mo fi hàn án pé bàbà ti tó, mo sì gbé ẹ̀rọ kúrò lórí omi lójú rẹ̀. Ó yà á lẹ́nu pé ohun tí òun fowó rà, a tún lè gbé e jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣùgbọ́n bàbà kì í fò lọ, oòrùn ò sì lè jẹ ẹ́. Bí a bá fi ẹ̀rọ sílẹ̀ lórí omi, bàbà á kàn máa gorí ara rẹ̀ ni. Tí ó bá pọ̀ jù, tí pH sì gòkè tó 8, kò ní dúró nínú omi mọ́, á wá máa to àbàwọ́n sára ògiri. Ásíìdì díẹ̀ ni mo fi mú pH wálẹ̀. Látọjọ́ náà, Àlàájà ló ń ka àwọ̀ fún mi lórí fóònù, ó sì le koko jù mí lọ nípa rẹ̀.

Irun òyìnbó tó di aláwọ̀ ewé, tí gbogbo ayé ń dá kilórìn lẹ́bi fún, bàbà ló ń ṣe é. Kí ẹni tó bá gbé irun tí wọ́n ti fi oògùn pa láró wọ púùlù rántí èyí. Irin inú omi bọ́ọ̀hòlù Lẹkí, tó ń mú kí púùlù pọ́n bí kilórìn bá ti kàn án, kì í ṣe ìjà ionizer. Ẹ wá fílítà fún un kí omi tó wọlé.

Ohun kan ṣì wà tí mo máa ń béèrè kí n tó gba owó. Omi tí a fi ń fọ fílítà, níbo ló ń ṣàn lọ? Bàbà tó ń pa ewédò kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ewédò àti ohun tí ẹja ń jẹ, bẹ́ẹ̀ ni ó lè pa ẹja àti ìgbín omi fúnra wọn. Gọ́tà ọ̀pọ̀ ilé tó wà níbí, inú ọ̀sà ló ń já sí. Bí oníbàárà bá ní kòtò tí omi yẹn lè rì sí, a ó jọ ṣe é. Bí kò bá ní, mo máa ń sọ fún un pé kó kọ́kọ́ gbẹ́ kòtò. Àwọn kan ti bínú gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lọ nítorí èyí, n kò sì pè wọ́n padà.